Wọ́n Ti Bá Ìyá Rẹ Gbá Kọ̀ǹpútà Rẹ̀ Mọ́

Òkè-Ìléwó,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn Ìkórè.

Ìlérí, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ilé tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò bá ní ojú tó gbámúṣé kò tíì wọ ayé òde òní. Ẹni tó bá sì ń tọ́jú ẹrù tí kò lò sínú ẹ̀rọ, ọ̀tá ìlọsíwájú gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá ni. Má ṣe rò pé orí bàbá rẹ ti ń dàrú o. Èmi kọ́ ni mo dá gbólóhùn yẹn sọ. Àbúrò ìyá rẹ, Olúbọ̀dé, ọ̀gá àgbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ló sọ ọ́ nínú pálọ̀ wa, lórí ìdúró, tó gbé ọwọ́ kan sẹ́yìn bí ẹni tí ẹgbẹ̀rún èèyàn ń gbọ́. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀, èmi àti adìẹ kan tó ṣìnà wọlé.

Ó yẹ kí n ti kí ọ kí n tó sọ ìyẹn. Báwo ni Jọ́ọ̀sì? Ẹ kú ọ̀tútù. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera, kí iṣẹ́ má sì jẹ́ kí o máa gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán bí ìṣe rẹ. Ní tiwa, orúnkún mi ṣì máa ń sọ̀rọ̀ kí n tó dìde. Ara ìyá rẹ le dáadáa, a dúpẹ́. Ọkàn rẹ̀ ni kò gbádùn, ìyẹn ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù bí àwọn bàbá ẹlòmíràn. Mo ti gbìyànjú. Bí mo bá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ìyá rẹ ń gbọ́; bí mo bá rẹ ohùn sílẹ̀, ó tún ń gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti lọ, gbogbo agbára ojú náà ló kó wọ etí. Bíírò ni ohun kan ṣoṣo tí mo lè fi sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí tí kò ní gbọ́ ohun tí mo sọ, ìyá rẹ sì ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Ó ń gbọ́ bí bíírò ṣe ń ha ìwé. Mo ti sọ fún un pé fọ́ọ̀mù àwa tó fẹ̀yìn tì ni, èyí tí ìjọba fi ń wádìí lọ́wọ́ wa bóyá a ṣì wà láàyè. Ó ní kí n fi ìṣọ́ra dáhùn.

O mọ bí o ṣe gbé kọ̀ǹpútà yẹn wá fún un. Àlòkù ni, o sì fi ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Linux sínú rẹ̀ kó má baà jẹ́ pé owó la ó máa san lọ. Ojú rẹ̀ kò lẹ́wà rárá. Ó rí bí ògiri iléèwé ìjọba, eérú lókè, eérú nísàlẹ̀. Ìwọ lo sọ pé ẹni tí kò ní wo ojú rẹ̀ kò nílò kí ojú náà dán, pé ohùn tí yóò máa ka ohun inú rẹ̀ sí i létí ló yẹ kó dára. Ohùn yẹn ni ìwọ àti ìyá rẹ fi odindi ìgbà òjò kọ́ ní èdè wa. Ìwọ á máa tẹ bọ́tìnnì, òun á jókòó tì ọ́, á ní, "Rárá o, a kì í pe Kọ́bapẹ́ báyẹn, àfi bí ará òkè òkun. Tún un sọ fún un." Nígbà tí o padà sẹ́nu iṣẹ́, òun nìkan ló ń bá a lọ. Mo ṣe tísà títí irun mi fi funfun, mi ò sì rí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ kọ́ rí. Bí mo bá ti ṣe báyẹn fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni, mínísítà ì bá pọ̀ lára wọn. Tàbí kẹ̀, wọn ì bá máà pọ̀.

Ohun tí o lè máà mọ̀ ni iṣẹ́ tó fẹ́ fi Ohùn náà ṣe lọ́dún yìí. O mọ̀ pé nígbà tí ojú rẹ̀ dá, Lois ìyá rẹ ni wọ́n máa ń pè sí ẹ̀kọ́ kìíní ní ọjọ́ Ìkórè. Nígbà tí ojú lọ, wọn kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó bú u, wọn kàn ń fò ó ni. Ní ọdún yìí ó lọ bá alùfáà fúnra rẹ̀, ó ní òun yóò kọ́ ẹ̀kọ́ náà sórí, òun yóò sì dúró níbi tí wọ́n ti ń kà á, òun ò ní di ẹnikẹ́ni mú. Alùfáà fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ó wálé lọ́jọ́ náà, ó sì se ọbẹ̀ tó fi iyọ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì, ayọ̀ ló fà á. Mo jẹ ẹ́.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Á ki ohun àfigbọ́rọ̀ sétí kó má baà dí mi lọ́wọ́, Ohùn á ka ẹsẹ kan, òun á tún un sọ. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á dá a padà. Ẹ̀kọ́ ọdún yìí gùn, orúkọ sì kún inú rẹ̀, orúkọ àwọn ọkùnrin àti ìlú tí ahọ́n Ẹ̀gbá kò rọ̀ mọ́. Ó ti gba gbogbo orúkọ náà kọjá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, nígbà tí ọkọ Àlímátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kú ní Kọ́bapẹ́. Ó kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó ní òun ń lọ bá a jókòó títí wọn yóò fi ṣàdúrà ọjọ́ kẹjọ. Àárín ìgbà yẹn ni Olúbọ̀dé, àna mi, dé.

Ó gbé mọ́tò dé láti ọ̀nà Ewékorò, eruku sìmẹ́ǹtì bò ó débi pé mi ò mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́, ó sì wọlé wá wàásù ìmọ́tótó fún mi. Ó ní wọ́n ti kọ́ òun ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní ìpàdé àwọn àgbà òṣìṣẹ́, wọ́n sì fún òun ní ìwé ẹ̀rí tó ní òǹtẹ̀ wúrà. Ó rí ti ìyá rẹ lórí tábìlì, ó tàn án, ó sì kọ háà. "Bàbá Ìlérí, ṣé irú ojú tí ẹ ń fi han àlejò nìyí?" Mo ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, pé òun ló ń lò ó. Ó rẹ́rìn-ín bí ìgbà tí ọmọdé bá sọ pé òun fẹ́ wa ọkọ̀ òfuurufú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi tí kò ríran? Ẹ má wulẹ̀ dà mí láàmú. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é kó yẹ ẹ́."

Mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu rẹ báyìí: kí ló dé tí mi ò gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìlérí, o kò tíì ní àna, Ọlọ́run yóò fún ọ. Mo fi ọdún púpọ̀ ju ọkùnrin yìí lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdána, nígbà tó ṣì wọ ṣòkòtò péńpé, èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní àyà mi kò kanlẹ̀, kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Gbogbo ilé ìyá rẹ pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà títí di òní, "ẹ" ni mò ń pè é, òun náà ń pè mí ní "ẹ", ṣùgbọ́n àwa méjèèjì la mọ ẹni tí àyà rẹ̀ kanlẹ̀. Ọkọ kì í dá ọmọ ìyá ìyàwó dúró lórí oore tó fẹ́ ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí mo bá ṣe é, wọn yóò gbọ́ ní agbolé wọn kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná pé mi ò fẹ́ kí ohun rere kan Lois.

Ó kọ́kọ́ wá ojú tuntun fún ẹ̀rọ náà. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́, ó lẹ́wà. Àwọ̀ ojú ọ̀run lẹ́yìn, àwòrán kéékèèké nísàlẹ̀ tí ń fò sókè bí a bá fọwọ́ kàn wọ́n. Ó wá lọ wá fọ́tò ìyá rẹ ti ọjọ́ ọgọ́ta ọdún rẹ̀, èyí tó fi gèlè búlúù, ó fi bo gbogbo iwájú kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Ẹ wò ó bó ṣe ń wo èèyàn." Obìnrin tí kò lè rí ara rẹ̀ nínú dígí ni wọ́n gbé ojú rẹ̀ kọ́ síbẹ̀ fún àlejò.

Lẹ́yìn náà ló ní a ó yọ ojú àtijọ́ kúrò àti gbogbo ẹrù tó bá a wá. Ó ní yíyọ lásán kò tó, pé ẹni tó bá yọ ẹrù tí kò yọ ìrántí rẹ̀, ààbọ̀ iṣẹ́ ló ṣe, ìjọba kò sì kọ́ òun ní ààbọ̀ iṣẹ́. Ó tẹ nǹkan, orúkọ àwọn ẹrù tí kò wúlò mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ kọjá. Mo fún ara mi nígboyà. Mo ní, "Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí tó ń bá Ìyá Ìlérí sọ̀rọ̀ kò sí lára ohun tí ẹ fẹ́ kó dànù?" Ó tẹ ojú mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ̀yin tísà àti ìbéèrè. Mi ò rí ohun tó ń sọ̀rọ̀ níbí. Orúkọ ẹja ńlá kan ni mo rí. Kí ni ẹja òkun ń wá nínú ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n mi? Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sẹ́ni tó ṣí i rí." Bí ìwọ ti ń pè é ní Ohùn ni èmi náà mọ̀ ọ́n, mi ò mọ̀ pé ẹja ni orúkọ tí àwọn tó ṣe é sọ ọ́. Kò sì sẹ́ni tó ṣí i rí lóòótọ́, nítorí o ti ṣe é kó máa jí fúnra rẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ti jí. Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀, ta ni yóò tún máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀?

Kọ̀ǹpútà náà bi í bóyá kó tẹ̀síwájú, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kọ ojú sí mi, ó ní, "Ẹ rí i bí kò ṣe mọ àgbà? Mo ti sọ̀rọ̀, ó tún ń bi mí." Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ìyá rẹ títí di òní. Ohun àfigbọ́rọ̀ rẹ̀ wà lórí tábìlì, ẹnu rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀rọ. Ní gbogbo àkókò tí àna mi fi ń ṣiṣẹ́, mo ń gbọ́ ìró tín-ín-rín kan, bí ìgbà tí kòkòrò há sínú páálí ìṣáná. Mo rò pé ẹ̀fọn ni. Nígbà tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni yẹn, ìró náà ń bá a lọ fún ìgbà díẹ̀, ó wá dá. Ìgbà tí mo dùbúlẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé Ohùn ni. Ó ń ka gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe sókè, orúkọ gbogbo ẹrù tí wọ́n fẹ́ kó dànù, ó sì ka orúkọ ara rẹ̀ mọ́ wọn. Kò kàn sẹ́ni tó ki í sétí ni.

Ìyá rẹ dé láti Kọ́bapẹ́ pẹ̀lú gàrí tí Àlímátù fún un. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó tàn án, ó ki nǹkan sétí, ó dúró. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ó dúró. Ó ní, "Bàbá Ìlérí, ṣé iná wà?" Mo ní iná wà. "Ṣé ó tàn?" Mo ní ó tàn. Ó tún dúró, lẹ́yìn náà ó ní, "Kí ló wà lójú rẹ̀?" Mo ní, "Ìwọ ni." Mo wá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gba fóònù, ó pe Olúbọ̀dé. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin náà láti ibi tí mo jókòó sí, ó ń ṣàlàyé bí òun ṣe gbá a mọ́ tónítóní. Ìyá rẹ ní, "O káre láé, àbúrò mi. O ṣeun, Ọlọ́run á bá ọ gbá tìẹ náà mọ́." Ó pa fóònù. Ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún àbúrò òun láéláé pé Ohùn ló gbá dànù, mi ò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ọ, nítorí ìwọ yóò bú u. Ó ní inú rere ló fi ṣe é. Òun ló pọ̀n ọ́n, òun ló mú un lọ síléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ Sàlàhúdíìnì, ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńkì nísàlẹ̀ wa. Ó dá ohùn padà sínú rẹ̀. Ohùn ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ ti kọ́ ọ ti lọ pẹ̀lú ìrántí tí àna mi yọ, ó wá ń ka Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ gbọ́ ìlà kan péré, ó yọ nǹkan létí, ó ká okùn rẹ̀ dáadáa, ó sì fi sínú dúrọ́ọ̀. Mo mọ̀ pé wàá ní a lè tún un kọ́. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Àgbàlagbà kan kì í bí àkọ́bí lẹ́ẹ̀mejì."

Mo ní kí n máa kà á fún un. Ó gbà. A jókòó sí ìta, mo ka ẹsẹ kan, ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Ó ní kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, mo padà. Bẹ́ẹ̀ la ń bá a bọ̀ títí oòrùn fi kàn wá lára. Níbì kan, mo mí kanlẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mo mí, Ìlérí, ẹnu mi ò tilẹ̀ là. Ó gbé ọwọ́ lé ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó pa á dé. Ó ní, "Ó tó, Bàbá Ìlérí. Ẹ ṣé gan-an." Ohùn kì í mí kanlẹ̀, ìyẹn ló fi jù mí lọ. Ní ọjọ́ kejì ó rán mi sí alùfáà pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn sí i.

Alùfáà wa, èèyàn dáadáa ni, kò fẹ́ kí ọlá náà jáde kúrò nínú ẹbí. Ó gbé e fún Olúbọ̀dé.

Ìkórè kọjá lánàá. Àna mi wọ agbádá tó gba àga méjì. Ó rìn lọ síwájú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dé ládé, ó nu gíláàsì rẹ̀, ó wo wá láti ọ̀tún dé òsì, ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ohùn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó dé ibi orúkọ, ó ka ọ̀kan, ó ka èkejì, ẹ̀kẹta há sí i lọ́fun. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Àti àwọn yòókù wọn," ó sì fò wọ́n kọjá. Ìjọ kò mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi ni ìyá rẹ jókòó sí. Mo wò ó, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń pe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kí ohùn jáde, kò fo ẹnì kan, títí tó fi pè wọ́n tán. Àbúrò rẹ̀ ti dé ìparí nígbà yẹn, gbogbo ìjọ sì ti ń ṣe Àmín.

Lẹ́yìn ìsìn, ó wá bá wa nídìí igi máńgòrò, òógùn ń bọ̀ lójú rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Ìyá rẹ ní, "Mo gbọ́ ọ."

Ó kà á sí ìyìn, ó sì lọ kí àwọn ìjòyè.

Ní àárọ̀ yìí, ìyá rẹ nu eruku orí kọ̀ǹpútà náà, ó da aṣọ funfun bò ó bí a ṣe ń bo ohun tí a kò tún fẹ́ lò kí ọdún tó yí. Mo ti ka ìwé púpọ̀ láyé mi, Ìlérí, mi ò sì rí èyí tó kọ́ mi ní bí a ṣe ń bínú sí ẹni tó ṣe oore. Bí olè ló gbé e lọ ni, à bá ti bú u, ara à bá sì ti tù wá. Nígbà tí o bá dé lásìkò Kérésì, má bi í nípa rẹ̀. Bí ó bá fúnra rẹ̀ ṣí aṣọ náà, kí o jókòó tì í. Bí kò bá ṣí i, kí o jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lórí òkè tútù yẹn. Kó fún ọ ní ẹni tí yóò máa bi ọ́ kó tó bá ọ tún nǹkan ṣe. Ojú rẹ kò ní lọ, etí rẹ kò ní di, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ohun tí ẹlòmíràn yóò gbá dànù. Ìgbà tí o bá ń bọ̀, ayọ̀ ni kí ó bá ọ délé.

Èmi ni bàbá rẹ tó bí ọ, tó sì kọ́ ọ ní a-bí-dí,
Timothy.

Ó tún ku díẹ̀: Bí mo ṣe ń pa ìwé yìí dé ni àbúrò ìyá rẹ pè. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, pé fóònù ìyá rẹ ti kún jù, ẹrù tí kò lò pọ̀ nínú rẹ̀, òun fẹ́ bá a gbá a mọ́. Ìyá rẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rán mi níṣẹ́ ẹja tútù tí a ó fi ṣe é lálejò. Ta ni yóò sọ fún àna mi?